Bíbẹ̀rẹ̀ Máàsítà Ìṣirò Kí Dìgírì Àkọ́kọ́ Tó Parí: Kí Ló Ṣeé Ṣe, Kí Ni Kò Ṣeé Ṣe?

Láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń gbé ní agbègbè Òkè-Báálẹ̀ ní Òṣogbo, níbi tí olú-ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà, ọ̀rọ̀ kan ń lọ láti ẹnu dé ẹnu, ó sì ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ilé púpọ̀. Wọ́n ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan lókè òkun ti bẹ̀rẹ̀ máàsítà nínú ìmọ̀ ìṣirò nígbà tí wọn kò tíì gba dìgírì àkọ́kọ́. Àwọn kan ní irọ́ ni. Àwọn mìíràn ní òótọ́ ni, pé àwọn ilé ẹ̀kọ́ tiwa ló kàn ń fi àkókò ọmọ ọlọ́mọ ṣòfò. Àwọn òbí tí wọ́n ń san owó ilé ẹ̀kọ́ sì ń béèrè pé bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ọmọ tiwọn tí ó wà ní 300 level, tí èsì ìdánwò rẹ̀ sì dára, kò fi lè ṣe irú rẹ̀.

Ohun tí ó fa ìdàrúdàpọ̀ náà ni pé nǹkan mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn ènìyàn kó pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. Ọ̀kan nínú wọn ṣeé ṣe ní Òṣogbo lónìí láì san kọ́bọ̀. Òmíràn ṣeé ṣe bí ìwé bá jáde lásìkò. Méjì tó kù, òfin ilé ẹ̀kọ́ wa kò fi àyè sílẹ̀ fún wọn. Ẹni tí kò bá ya wọ́n sọ́tọ̀ yóò máa fi ohun tí ó ṣeé ṣe sílẹ̀, yóò máa lé èyí tí kò ṣeé ṣe.

Kí ni dìgírì àkọ́kọ́, kí sì ni máàsítà?

Dìgírì àkọ́kọ́ ni oyè tí yunifásítì kọ́kọ́ ń fún akẹ́kọ̀ọ́. B.Sc. ni ti ìṣirò ń jẹ́ ní Nàìjíríà. Ọdún mẹ́rin ni ẹni tí ó gba ìdánwò JAMB wọlé fi ń ṣe é, ẹni tí ó gba Direct Entry wọlé sí 200 level sì ń fi ọdún mẹ́ta ṣe é. Máàsítà, tí à ń pè ní M.Sc., ni oyè tí ó tẹ̀ lé e, ó sì sábà máa ń gba ọdún kan sí méjì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni PhD.

Yúnìtì ni òṣùwọ̀n tí yunifásítì fi ń ka iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣe. Kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ní iye yúnìtì tirẹ̀, ẹni tí kò bá sì tíì kó iye tí wọ́n là sílẹ̀ jọ kò tíì parí. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà, nǹkan bíi 120 ni ti dìgírì àkọ́kọ́, nǹkan bíi 30 sì ni ti máàsítà. Ẹ fi iye méjì yìí sọ́kàn, nítorí pé a óò padà ṣírò wọn.

Ohun kan ṣì kù tí a gbọ́dọ̀ mọ̀, òun ni matric. Ọjọ́ tí yunifásítì bá kọ orúkọ ènìyàn sínú ìwé rẹ̀ pé ó ti di akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀kọ́ báyìí báyìí, tí wọ́n sì fún un ní nọ́ńbà, ni ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní ojú òfin. Ẹni tí ó jókòó sí kíláàsì máàsítà láì ní nọ́ńbà náà ń kẹ́kọ̀ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì bẹ̀rẹ̀ máàsítà. Ìyàtọ̀ yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà rọ̀ mọ́.

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ ìṣirò ni ọ̀rọ̀ náà pọ̀ sí?

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ nípa kẹ́míkà nílò yàrá ìwádìí, ẹni tó ń kọ́ nípa ìṣègùn nílò ilé ìwòsàn, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè sáré ju ohun èlò wọn lọ. Ìwé, báírò àti ẹni tí yóò tọ́ni sọ́nà ló tó fún ẹni tó ń kọ́ ìṣirò. Chike Obi, tí ó gba PhD nínú ìṣirò ní Yunifásítì Cambridge ní ọdún 1950, ní àkókò tí irú rẹ̀ kò tíì sí láàárín àwọn ọmọ Nàìjíríà, ìdánwò láti ìta ni ó fi gba dìgírì àkọ́kọ́ lọ́wọ́ Yunifásítì London. Èyí ni ìdí tí a fi ń rí ọmọ ọdún méjìdínlógún tí ó ti ka ohun tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ yóò kà ní ọdún mẹ́ta sí i.

Ìdí kejì jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Nínú ìṣirò, ìbéèrè kan náà ni ó máa ń padà wá láti ìpele dé ìpele, tí yóò sì máa le sí i. Ẹ jẹ́ kí á wo ọ̀kan.

Ní 100 level, olùkọ́ lè fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìlà tí ó ń ròkè, tí a kọ báyìí: y = x², kí ó ní kí ó wá ìwọ̀n àyè tí ó wà lábẹ́ ìlà náà láti 0 dé 1. Ìdáhùn rẹ̀ ni 1/3, òfin tí wọ́n ti kọ́ ọ ni yóò fi rí i, kì í sì í pẹ́ rárá. Ní 200 tàbí 300 level, nínú kọ́ọ̀sì tí à ń pè ní real analysis, olùkọ́ á yí ìbéèrè padà: kí ni a tilẹ̀ ní lọ́kàn nígbà tí a bá ní àyè kan ní ìwọ̀n? Wọn á kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ó gé àyè náà sí ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ lóròó, kí ó ṣírò wọn lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan kí ó fi ibi tí ìlà ti ga jù nínú ọ̀já kọ̀ọ̀kan ṣe é, lẹ́ẹ̀kejì kí ó fi ibi tí ó ti rẹlẹ̀ jù ṣe é. Bí àwọn ọ̀já náà ti ń tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, tí ìṣirò méjèèjì bá ń súnmọ́ iye kan náà, iye yẹn ni ìwọ̀n àyè. Riemann ni orúkọ ọmọ Jámánì tí wọ́n fi pe ọ̀nà yìí.

Ní ìpele máàsítà, ìbéèrè náà tún padà dé pẹ̀lú ojú mìíràn. Nínú àwọn iye tí ó wà láàárín 0 àti 1, àwọn kan wà tí a lè kọ gẹ́gẹ́ bí odidi kan lórí odidi mìíràn, bíi 1/2 tàbí 3/7. Àwọn kan sì wà tí kò sí bí a ṣe lè kọ wọ́n bẹ́ẹ̀, bíi ìdajì √2. Ká ní a fún gbogbo irú ti àkọ́kọ́ ní gíga 1, tí a sì fún gbogbo irú ti kejì ní gíga 0. Kí ni ìwọ̀n àyè tí ó wà lábẹ́ rẹ̀? Ọ̀nà Riemann á dákẹ́. Bí ó ti wù kí a gé ọ̀já náà tẹ́ẹ́rẹ́ tó, oríṣi iye méjèèjì ni yóò wà nínú rẹ̀, nítorí náà ìṣirò ti òkè yóò máa mú 1 wá, ti ìsàlẹ̀ yóò máa mú 0 wá, wọn kò sì ní pàdé láé. Ní ọdún 1902, nínú iṣẹ́ tí ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Paris, Henri Lebesgue fi ọ̀nà mìíràn lélẹ̀: kí á kọ́kọ́ béèrè bí àwọn ibi tí gíga wọn jẹ́ 1 ṣe gba àyè tó lórí ìlà. Ó jẹ́ pé bí wọ́n ti pọ̀ láìlópin tó, wọn kò gba àyè kankan. Nítorí náà 0 ni ìdáhùn.

Mo fi èyí hàn kí ẹ lè rí i pé kò sí odi láàárín dìgírì àkọ́kọ́ àti máàsítà nínú ìṣirò. Ẹni tí ó bá lóye ìbéèrè kejì dáadáa lè bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìkẹta ní ọ̀la. Ẹni tí ó bá kàn há ìdáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ sórí, tí ó sì gba A, yóò sọnù pátápátá lójú ẹ̀kọ́ Lebesgue. Máàkì nìkan kò lè sọ èwo nínú àwọn méjèèjì ni akẹ́kọ̀ọ́ kan jẹ́, ohun tí ó sì ń ba àwọn òbí nínú jẹ́ jù lọ nìyẹn.

Àwọn nǹkan mẹ́rin wo ni wọ́n ń pè ní orúkọ kan náà?

Èyí tí ó rọrùn jù ni kí akẹ́kọ̀ọ́ dìgírì àkọ́kọ́ máa gba kọ́ọ̀sì tí ó jẹ́ ti máàsítà. Kò tíì wọlé sí máàsítà kankan. Ó kàn jẹ́ pé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ gbà kí ó jókòó pẹ̀lú àwọn ẹ̀gbọ́n, nígbà mìíràn kí ó tún ṣe ìdánwò pẹ̀lú wọn. Ọ̀pọ̀ ìròyìn tí ó ní ọmọdé kan ń ṣe máàsítà, ohun tí ó wà nídìí rẹ̀ kò ju èyí lọ.

Èkejì ni kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní ọdún tó gbẹ̀yìn gba ìwé ìgbàwọlé sí máàsítà, pẹ̀lú àdéhùn pé yóò kọ́kọ́ parí èyí tí ó ń ṣe. Ní orúkọ ó ti ní máàsítà. Ní ojú òfin, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì wọlé.

Ẹ̀kẹta ni ti àwọn ará Bírítéènì, wọ́n sì ń pè é ní MMath. Ọdún mẹ́rin ni, oyè kan ṣoṣo ni, ìpele máàsítà sì ni iṣẹ́ ọdún kẹrin rẹ̀. Ní Yunifásítì Oxford, akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ọdún mẹ́ta gba BA nínú ìṣirò kí ó máa lọ, tàbí kí ó ṣe ọdún kẹrin kí ó sì gba MMath. Kò sí ìgbà kankan tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń ṣe dìgírì méjì. Máàsítà ni ó jáde pẹ̀lú rẹ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ tí ó wọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ tuntun.

Ẹ̀kẹrin ni èyí tí ó ń jọ àwọn ènìyàn lójú: kí yunifásítì gba akẹ́kọ̀ọ́ kan sí dìgírì àkọ́kọ́ àti máàsítà pọ̀ ní àkókò kan náà, kí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé méjèèjì. Ní Amẹ́ríkà ni èyí ti pọ̀ jù.

Báwo ni kọ́ọ̀sì kan ṣe lè kà fún oyè méjì?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú. Bí ìkómọ ẹnì kan bá bọ́ sí ọjọ́ Iléyá, ó lè máa rò ó bóyá àgbò kan lè jẹ́ ẹran ìkómọ kí ó sì tún jẹ́ ẹran Iléyá. Àwọn àáfà kan á ní ó tó. Àwọn mìíràn á ní rárá, pé ẹ̀tọ́ méjì ni, àgbò méjì ni yóò sì gbà. Irú ìyapa èrò bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó wà láàárín àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà lórí kọ́ọ̀sì. Ní Yunifásítì Pennsylvania, ètò kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò lè gbà wọlé sí máàsítà nígbà tí ó ṣì ń ṣe dìgírì àkọ́kọ́, àwọn kọ́ọ̀sì kan sì lè kà fún méjèèjì. Ní UCLA, ètò tí wọ́n ń pè ní Departmental Scholar náà ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó tayọ ṣe méjèèjì pọ̀, ṣùgbọ́n kọ́ọ̀sì tí ó bá ti kà fún ọ̀kan kò lè kà fún èkejì. Àgbò méjì ni tiwọn.

Ẹ jẹ́ kí á wá ṣírò rẹ̀. Bí dìgírì àkọ́kọ́ bá jẹ́ yúnìtì 120, tí máàsítà jẹ́ 30, àpapọ̀ wọn jẹ́ 150. Ẹni tí ó ń ṣe yúnìtì 15 ní sẹ̀mẹ́sítà kan yóò lo sẹ̀mẹ́sítà mẹ́wàá, ìyẹn ọdún márùn-ún. Ká sọ pé ilé ẹ̀kọ́ gbà kí yúnìtì 12 kà fún méjèèjì; ohun tí ó kù láti ṣe di 138. Bí akẹ́kọ̀ọ́ náà bá fẹ́ parí rẹ̀ ní ọdún mẹ́rin, sẹ̀mẹ́sítà mẹ́jọ nìyẹn, yóò máa ṣe yúnìtì 17 àti díẹ̀ ní sẹ̀mẹ́sítà kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó jẹ́ ti máàsítà nínú wọn yóò sì máa le ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Kò sí idán kankan nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ni wọ́n kó pọ̀ sójú kan, yúnìtì méjìlá péré sì ni wọ́n dín kù. Ẹni tí ó bá gbọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan fi ọdún mẹ́rin gba oyè méjì ní Yunifásítì Chicago, níbi tí ètò BA àti MS ìṣirò lápapọ̀ wà, kí ó mọ̀ pé ẹni náà ti wọ ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ìmọ̀ tí ó ju ti ọdún kìíní lọ.

Ní Jámánì, ètò náà tún yàtọ̀. Ọdún mẹ́ta ni dìgírì àkọ́kọ́ níbẹ̀, ọdún méjì ni máàsítà, yúnìtì tiwọn sì jẹ́ 180 àti 120. Ọ̀pọ̀ yunifásítì wọn ń gba akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kù díẹ̀ kí ó parí láyè láti ti máa ṣe àwọn kọ́ọ̀sì máàsítà ṣáájú, kí wọ́n lè kà á fún un nígbà tí ó bá wọlé tán. Ọ̀nà àkọ́kọ́ tí mo mẹ́nu bà lókè ni, ṣùgbọ́n wọ́n fi òfin tì í lẹ́yìn. Ní tèmi, èyí ni ó bọ́gbọ́n mu jù nínú gbogbo wọn, nítorí pé kò kánjú akẹ́kọ̀ọ́, kò sì fi àkókò ẹni tí ó ti ṣe tán ṣòfò.

Kí ló dé tí irú rẹ̀ kò fi sí ní Nàìjíríà?

Àwọn kan á ní ó jẹ́ pé àwọn olùkọ́ wa kò fẹ́. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ka tí ó ń bójú tó ẹ̀kọ́ lẹ́yìn dìgírì àkọ́kọ́ dá dúró ní yunifásítì wa, fọ́ọ̀mù tirẹ̀ yàtọ̀, ohun tí ó sì kọ́kọ́ ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ wọlé ni ẹ̀rí pé dìgírì àkọ́kọ́ ti parí: statement of result tàbí ìwé ẹ̀rí gan-an, pẹ̀lú transcript, ìyẹn ìwé tí ó to gbogbo kọ́ọ̀sì àti máàkì ẹni lẹ́sẹẹsẹ, tí ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ yóò fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ìwé wọ̀nyí kò lè jáde àyàfi tí ìgbìmọ̀ Sẹ́nétì yunifásítì bá ti fọwọ́ sí èsì. Akẹ́kọ̀ọ́ 400 level kò tíì ní ọ̀kankan nínú wọn. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ sì ní òfin pé ènìyàn kò gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà matric méjì fún ẹ̀kọ́ tí ó gba gbogbo àkókò ẹni.

Lẹ́yìn èyí ni NYSC, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1973. Akẹ́kọ̀ọ́gboyè tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún nígbà tí ó parí gbọ́dọ̀ sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ fún ọdún kan, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ni ó sì ń béèrè ìwé ẹ̀rí ìsìnlú tàbí ìwé ìyọ̀ǹda kí wọ́n tó gba ènìyàn sí máàsítà. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé láàárín ìdánwò tó gbẹ̀yìn ní 400 level àti ọjọ́ àkọ́kọ́ ní kíláàsì máàsítà, ọdún kan sí méjì lè ti kọjá lọ láìsí pé akẹ́kọ̀ọ́ náà fi ọwọ́ kan ìṣirò kankan. Tí ìyanṣẹ́lódì bá tún wọ ọ̀rọ̀ náà, bíi ti ASUU tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2022 tí ó sì dé oṣù kẹwàá, yóò tún pẹ́ sí i. Èmi kò rí ẹ̀bi kíkánjú lára ọmọ tí ó bá ń sá fún irú àlàfo bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wà tí ó lè mú ìtura wá bí àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ bá fẹ́. Nínú ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun tí NUC, àjọ tí ó ń bójú tó àwọn yunifásítì Nàìjíríà, gbé jáde ní ọdún 2022, ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ni àjọ náà là sílẹ̀ fún gbogbo yunifásítì. Ìdá ọgbọ̀n tó kù, yunifásítì kọ̀ọ̀kan ni yóò fi ohun tí ó bá fẹ́ kún un. Kò sí ohun tí ó ní kí ẹ̀ka ìṣirò kan má fi kọ́ọ̀sì tí ó súnmọ́ ìpele máàsítà sínú ìdá ọgbọ̀n yẹn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 400 level tí agbára wọn gbé e. Ìforúkọsílẹ̀ kò ní yí padà, òfin kò sì ní bàjẹ́.

Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní Òṣogbo lè ṣe báyìí?

Ó lè gba ọ̀nà àkọ́kọ́. Bí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá ní kíláàsì máàsítà, tàbí bí ó bá lè máa lọ sí Ilé-Ifẹ̀ tí kò jìnnà, kí ó lọ bá olùkọ́ tí ó ń kọ́ kọ́ọ̀sì kan kí ó sì sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ kí ẹ gbà mí láyè kí n máa jókòó gbọ́ ẹ̀kọ́ yín, n kò béèrè fún máàkì.” Olùkọ́ ìṣirò tí yóò kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Kọ́ọ̀sì kan ni kí ó mú, kì í ṣe mẹ́rin, kí ó sì máa ṣe gbogbo iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀. Ẹni tí ó kàn jókòó tí kò ṣe iṣẹ́, eré ni ó wò.

Iṣẹ́ àkànṣe ọdún tó gbẹ̀yìn, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní project, ni ìlẹ̀kùn tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń fi ọwọ́ ara wọn tì. Wọ́n máa ń mú àkọlé tí ẹ̀gbọ́n kan ti ṣe, wọ́n á yí ọdún àti orúkọ padà, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹni tí ó bá ní máàsítà lọ́kàn yẹ kí ó bẹ alábòójútó rẹ̀ pé kí ó fún òun ní àkọlé tí yóò fi tipátipá mú òun ka orí méjì tàbí mẹ́ta nínú ìwé ìpele máàsítà. Nígbà tí ó bá wá ń kọ̀wé béèrè fún ìgbàwọlé, ohun tí alábòójútó yóò lè kọ nípa rẹ̀ yóò yàtọ̀ sí “ọmọ dáadáa ni, ó ń wá sí kíláàsì déédéé.”

Fún ẹni tí kò rí kíláàsì kankan wọ̀, íntánẹ́ẹ̀tì wà. Yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà kó ẹ̀kọ́ rẹ̀ sórí ìkànnì tí ó pè ní OpenCourseWare, ọ̀fẹ́ ni, real analysis àti algebra sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè ìdánwò wọn. Dátà àti iná ni ìṣòro, gbogbo wa ni a sì mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níyànjú pé ìwé ẹ̀kọ́ tí wọ́n lè gbà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láti orí ìkànnì ni kí wọ́n gbára lé, kí wọ́n fi fídíò ṣe àfikún.

Ọ̀nà kejì náà ṣí sílẹ̀ fún un, ìyẹn kíkọ̀wé béèrè ṣáájú àkókò. AIMS, ilé ẹ̀kọ́ ìṣirò ti ilẹ̀ Áfíríkà tí Neil Turok dá sílẹ̀ ní Muizenberg ní South Africa ní ọdún 2003, ti ní ẹ̀ka ní Senegal, Ghana, Cameroon àti Rwanda. Máàsítà rẹ̀ máa ń fún ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀kọ́, ilé àti oúnjẹ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tí ó wà ní ọdún tó gbẹ̀yìn sì lè kọ̀wé sí i bí ó bá dá a lójú pé òun yóò ti parí kí ẹ̀kọ́ náà tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn yunifásítì Bírítéènì náà máa ń fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ìwé ìgbàwọlé aládéhùn. Ewu tí ó wà níbẹ̀ kò sí lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́: bí Sẹ́nétì kò bá tètè jókòó, àdéhùn lè já. Nítorí náà kí ó bi ọ́fíìsì ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ léèrè ìgbà tí èsì ọdún tó kọjá jáde kí ó tó yan ìgbà tí yóò béèrè fún.

Ṣé ẹni tí ó fẹ́ lọ Amẹ́ríkà tilẹ̀ nílò máàsítà?

Lọ́pọ̀ ìgbà, rárá. Ẹ̀ka ìṣirò ní yunifásítì Amẹ́ríkà sábà máa ń gba ẹni tí ó ní dìgírì àkọ́kọ́ ọlọ́dún mẹ́rin wọlé sí PhD tààrà. Wọ́n á máa san owó oṣù fún un nítorí pé yóò máa ran àwọn olùkọ́ lọ́wọ́ láti kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní, kò sì ní san owó ilé ẹ̀kọ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, máàsítà ni ó máa ń gbà lọ́nà kí ó tó dé ìparí PhD. Akẹ́kọ̀ọ́ Òṣogbo tí ó ní first class, ìyẹn 4.50 sókè nínú 5.00, tí ó sì ti ka real analysis àti algebra yanjú, lè máa sunkún pé òun kò rí máàsítà bẹ̀rẹ̀ ṣáájú nígbà tí ó jẹ́ pé ibi tí ó ń lọ kò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ òun.

Ti ilẹ̀ Yúróòpù yàtọ̀. Níbẹ̀, àwọn tí ó ń gbani sí PhD sábà máa ń fẹ́ rí máàsítà kọ́kọ́.

Ta ni kò yẹ kí ó kánjú?

Ẹni tí ó ní carry-over nílẹ̀, ìyẹn kọ́ọ̀sì tí ó fìdí rẹmi nínú rẹ̀ tí ó sì gbọ́dọ̀ tún ṣe, kò níṣẹ́ ní kíláàsì máàsítà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí CGPA rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n èsì gbogbo kọ́ọ̀sì rẹ̀ lápapọ̀, wà ní bèbè; ẹni tí ó wà ní 4.46, tí kọ́ọ̀sì àfikún sì fà á wálẹ̀, ti fi first class ṣeré. Ẹni tí kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ẹ̀rí, ìyẹn àlàyé tí ó fi hàn pé ohun kan jẹ́ òótọ́ nínú ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láì wo ìwé, kí ó lọ kọ́ ìyẹn ná, nítorí pé ìpele máàsítà kì í ka ìdáhùn sí nǹkan bí ẹ̀rí kò bá sí lẹ́yìn rẹ̀.

Kí ni kí òbí ṣọ́ra fún kí ó tó sanwó?

Àwọn kan wà tí wọ́n ń pe ara wọn ní aṣojú ilé ẹ̀kọ́ òkèèrè, tí wọ́n ń sọ fún òbí pé àwọn lè fi ọmọ tí ó wà ní 300 level sínú máàsítà ìṣirò. Ẹ bi wọ́n pé èwo ni nínú ọ̀nà mẹ́rin tí mo kà sílẹ̀ lókè. Bí ó bá jẹ́ ti MMath, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ọmọ náà yóò tún bẹ̀rẹ̀ dìgírì láti ìbẹ̀rẹ̀ tàbí kí ó gba ọdún kejì wọlé, owó ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin sì ni ẹ ó san, kì í ṣe ti ọdún kan. Bí ó bá jẹ́ ètò alápapọ̀ ti Amẹ́ríkà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti wà nínú yunifásítì náà fún dìgírì àkọ́kọ́ ni ó sábà máa ń wà fún. Aṣojú kankan kò lè fi ẹni tí ó ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Òṣogbo sínú rẹ̀ láti ìta. Bí ó bá jẹ́ ìwé ìgbàwọlé aládéhùn, ojú ìkànnì yunifásítì náà gan-an ni ọmọ yóò ti kọ̀wé fúnra rẹ̀.

Kí ẹ sì ka ohun tí ó wà nínú ìwé ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ èyíkéyìí dáadáa kí ọmọ tó sáré gba máàsítà tí ẹ fi owó ara yín san. Àwọn ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ fún máàsítà kì í gba ẹni tí ó ti ní òmíràn tẹ́lẹ̀, wọ́n á sì ti ojú ìwé náà dá a padà láì wo máàkì rẹ̀ rárá.